Ẹ̀dá ìtàn mi ti dé ìpele kẹjọ: ṣé mo lè mú un wọ ẹgbẹ́?

Àbúrò wa obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ eré ìtàn orí tábìlì ló bá wá, eré tí kálukú ti ń di ẹ̀dá ìtàn kan, tí ẹnìkan ń darí ìtàn, tí dáìsì sì ń bá wọn pinnu ohun tó ń ṣẹlẹ̀; bí ẹ̀dá ìtàn bá ṣe ń ní ìrírí ló ń gun ìpele. Adventurers League àti Pathfinder Society tó dárúkọ jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe irú eré yìí káàkiri ayé ń wọ̀. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ohun tó kọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní pálọ̀ màmá mi lọ́sàn-án Sátidé láti ṣe Dungeons & Dragons. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ báyìí. Ẹ̀dá ìtàn mi, obìnrin tafàtafà kan, ti dé ìpele kẹjọ. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé wá jókòó tì wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní ohun tí à ń ṣe yìí kò kà, pé àwọn tó ń ṣe é dáadáa ní nọ́ńbà, wọ́n ní ìwé, wọ́n sì wà nínú Adventurers League tàbí Pathfinder Society. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èyí tó tún wá dá kún un ni pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ bùọ̀dá tó ń darí eré wa lọ sí Òkìtìpupa, oṣù tó ń bọ̀ ló máa kó lọ. Ṣé ká kúkú wọ ẹgbẹ́ ni? Bí a bá wọ̀ ọ́, ṣé mo lè mú tafàtafà mi dání? Àbí ká máa bá tiwa lọ nínú ilé?"

Àbúrò mi, ó kà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀ sí, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bí o ṣe kọ ọ́ lọ. Tafàtafà rẹ kò lè bá ọ wọ ẹgbẹ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, gbólóhùn tí mo padà sí lẹ́ẹ̀mẹta ni ibi tí o ti sọ pé bùọ̀dá yín ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àríyànjiyàn ẹgbẹ́ àti ilé tí ọ̀rẹ́ yín gbé wá ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ní eré inú ilé kò kà, kò tíì gbọ́ bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí Gary Gygax àti Dave Arneson tó gbé Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Arneson ń darí tirẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Minnesota, Gygax ń darí tirẹ̀ ní Lake Geneva ní Wisconsin, àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sí tábìlì náà. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà nínú wọn. Ọdún 1980 ni TSR, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ eré náà jáde, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní RPGA, kí àwọn tó ń ṣeré káàkiri lè rí ara wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá bí ẹ̀dá ìtàn kan ṣe lè kúrò ní tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Living City, ayé ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ tábìlì jọ ń lò, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987. Living Greyhawk wà láti 2000 títí di 2008, èyí ló sì wù mí jù nínú gbogbo wọn, torí wọ́n pín ilẹ̀ inú ìtàn náà fún àwọn agbègbè ayé gidi, tó fi jẹ́ pé ibi tí ènìyàn ń gbé ló ń pinnu apá ibi tí ìtàn rẹ̀ ti máa ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ Àkúrẹ́ bá ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ kò ní dùn? Pathfinder Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe Pathfinder, eré mìíràn tó jọ èyí, ti ilé iṣẹ́ Paizo, dé lọ́dún 2008, Adventurers League sì bá ẹ̀dà karùn-ún Dungeons & Dragons wọlé lọ́dún 2014. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ nìyẹn. Inú ilé ni wọ́n bí gbogbo wọn sí.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní organized play. Eré ẹgbẹ́ ni èmi yóò máa pè é, n ó sì máa pe tiyín ní eré ilé. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí eré ẹgbẹ́ fi le koko bẹ́ẹ̀, ronú sí Whot. Nílé yín, bí wọ́n bá fi pick two kàn ọ́, bóyá o lè fi èjì tìrẹ dáàbò bo ara rẹ. Bí o bá dé ilé àbúrò ìyá rẹ ní Oǹdó, wọn ò gbà bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ mú méjì nílẹ̀ kí o sì dákẹ́. Ilé kan á ní o kò gbọdọ̀ fi hold on parí, ilé kejì kò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ilé tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọn ò mọ ara wọn rí bá fẹ́ ta Whot lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ òfin kan ṣoṣo sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà ni wọ́n máa fi parí rẹ̀. Nítorí àjèjì ni wọ́n ṣe kọ gbogbo òfin tí ọ̀rẹ́ yín fi ń yangàn. Ẹ̀yin márùn-ún tí ẹ ti mọ ara yín, tí ẹ ti jọ jẹ ìrẹsì màmá rẹ, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní Pathfinder Society, ìtàn kan máa ń parí ní ìjókòó kan, bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Adarí kì í gbé ìtàn náà kalẹ̀ látinú orí ara rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ fún un, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló sì gbọ́dọ̀ darí rẹ̀, kí ohun tí ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ bá pàdé àti ohun tí ẹni tó wà ní Jámánì bá pàdé lè jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣíwọ́, wọ́n á fún ọ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Chronicle, tó ń sọ ìtàn tí o ṣe, owó inú ìtàn tí o gbà àti àmì ìrírí tí o ní. Nínú ẹ̀dà kejì Pathfinder, ìtàn kan ń fún ẹ̀dá ìtàn ní àmì mẹ́rin, méjìlá ló sì ń gbé e dé ìpele tó kàn, ìyẹn ni pé ìjókòó mẹ́ta fún ìpele kan. O kò gbọdọ̀ bá ẹ̀dá ìtàn ẹlẹgbẹ́ rẹ jà pa. Adventurers League náà pín àwọn ẹ̀dá ìtàn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ìpele 1 sí 4, 5 sí 10, 11 sí 16, àti 17 sí 20, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má baà jókòó sídìí ìtàn tí yóò pa á kó tó mọ orúkọ ohun tó pa á. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì a máa tún òfin wọn ṣe lóòrèkóòrè, nítorí náà ìwé ìtọ́nisọ́nà tó wà lórí ìkànnì wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ má gbé e ka orí ohun tí ẹnìkan rántí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, títí kan èmi.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti ṣì yín lọ́nà jù ni pé ó sọ ọ́ bí ẹni pé ibì kan tí ènìyàn ń wọkọ̀ lọ ni ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹ lè ṣe eré ẹgbẹ́ ní pálọ̀ màmá rẹ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin márùn-ún kan náà, lórí àga kan náà. Ní ti Pathfinder Society, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà lórí ìkànnì Paizo lọ́fẹ̀ẹ́, adarí á forúkọ eré sílẹ̀ níbẹ̀, á sì fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ẹ tún lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó fi ń halẹ̀ mọ́ yín kò ju ìyẹn lọ, kò sì sọ ohunkóhun nípa bóyá ẹni tó ni ín mọ eré ṣe.

Ó kan ọ̀rọ̀ tafàtafà rẹ. Lọ́nà àkọ́kọ́, inú ilé ni ẹ ti dá a, ó sì jọ mí lójú pé dáìsì lẹ jù láti mọ agbára rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe. Adventurers League kò gbà bẹ́ẹ̀. O ní láti lo iye mẹ́fà tí wọ́n ti là sílẹ̀, ìyẹn 15, 14, 13, 12, 10 àti 8, tàbí kí o fi àmì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ra agbára ọ̀hún bó ṣe wù ọ́. Lọ́nà kejì, ìpele kìíní ni ẹni tuntun ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ohun tí bùọ̀dá yín ti fún un, bóyá ọrun kan tí kò sí nínú ìwé kankan, bóyá ojúure ọba kan. Ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ ní tábìlì àjèjì fi ìjókòó lẹ́yìn ìjókòó gun àkàbà tirẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ pé tìrẹ náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn nìyẹn. Ohun tó kù tí wọn ò lè dí ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí o dá obìnrin tafàtafà mìíràn, kí o sọ ọ́ lórúkọ kan náà, kí ó máa sọ̀rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o má ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀tá, ó ní ìbátan, àwọn ènìyàn wà tó jẹ ní gbèsè. Bí o bá gbé orúkọ rẹ̀ nìkan lọ síbi tí wọn ò ti mọ gbogbo ìyẹn, wàá máa ṣàárò rẹ̀ nígbà tí o jókòó tì í. Dá ẹlòmíràn. Jẹ́ kó jẹ́ oníṣègùn, jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí kò mọ ọfà ta rárá.

Ohun tí mo ti rí láàárín ọdún méjìlá tí mo ti ń ṣe eré yìí, láti yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́bàá South Gate ní FUTA títí di òní, ni pé nínú eré ẹgbẹ́, ìwọ lo ni ẹ̀dá ìtàn rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo ni ayé tó ń gbé. Nínú eré ilé, ẹ̀yin lẹ ni ayé náà, àmọ́ ẹ̀dá ìtàn kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Nígbà kan, mo máa ń ṣe eré ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láago mọ́kànlá, torí ìgbà yẹn ni àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ń ti ibi iṣẹ́ dé. Lóru ọjọ́ kan a gba abúlé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Ní oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní tábìlì mìíràn, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ròyìn bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gba abúlé yẹn gan-an sílẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Abúlé náà kò lè rántí èmi, kò sì lè rántí òun náà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó wọ̀ ọ́, torí pé fún ẹni tó ti lo ọdún kan àtààbọ̀ nínú ìlú tó mọ orúkọ rẹ̀, yóò dà bí ẹni tí ń gbé òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ètò kan náà tó fi abúlé yẹn dù mí ló jẹ́ kí n lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì jókòó láàárín àwọn tí n kò rí rí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo yọ ìwé Chronicle mi, wọ́n wò ó, ó sì di eré. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló mú mi wá.

Tábìlì tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, ilé kan ní Yaba ní ìlú Oǹdó ló wà. Èmi ni mo ń darí rẹ̀, ọdún mẹ́ta la sì fi ṣe é. Orí àpáta la tẹ ìlú inú ìtàn wa dó sí, torí gbogbo wa la ti gun òkè Ìdànrè rí, a sì fẹ́ ibi tí ọ̀tá kò ti lè sáré wọlé. Ní ìjókòó kẹrin, ọ̀kan nínú wa tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ olè ní òun fẹ́ jí adé ọba. N kò kọ ọ́ síbẹ̀, n kò sì mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ju dáìsì, ogún, iye tó ga jù, ló bọ́ sí. Ọdún kan ó lé la fi gbé ohun tí alẹ́ ọjọ́ yẹn dá sílẹ̀: àwọn afọbajẹ kọ̀ láti jókòó níwájú ọba tí kò ní adé, ọmọ oyè méjì dìde, ìlú pín sí òkè àti ìsàlẹ̀, olè náà fúnra rẹ̀ sì wá di ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba adé padà. Adarí eré ẹgbẹ́ kò láṣẹ láti jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ní ọba dé adé ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó ní láti wá bí adé yóò ṣe dé orí rẹ̀. Ohun tí eré ilé fi ga lójú mi nìyẹn, n kò tíì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé mi padà wá sí Àkúrẹ́. A ní a ó máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò sì jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la pàdé. Ìyàwó ẹnìkan bímọ, ẹnìkan ń ṣe ìdánwò, èmi náà kì í tètè ṣíwọ́. Wọ́n gbìyànjú láti máa bá a lọ láìsí mi, wọn ò lè ṣe é, torí nínú orí mi ni gbogbo ìlú yẹn wà. Ta ló fi owó ran ọmọ oyè kejì lọ́wọ́? Kí ló wà lábẹ́ àpáta? Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́dún méjì lẹ́yìn náà pé ta ló padà jọba, èmi gan-an ti gbàgbé ibi tí mo ń gbé e lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Àbúrò mi, ohun tí mo gbọ́ nínú lẹ́tà rẹ nìyẹn, kí o tó mọ̀ pé ohun tí o ń sọ ni.

Eré ẹgbẹ́ ní oògùn fún èyí, a sì lè yá a lò láìwọ ẹgbẹ́. Bí ìtàn ṣe ń parí ní ìjókòó kan, ẹnikẹ́ni ló lè darí lọ́sẹ̀ tó bá kàn án, ẹni tí kò bá sì wá, kò ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní Pathfinder Society, adarí pàápàá máa ń gba ìwé Chronicle fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gba ẹrù kò pàdánù. Àkọsílẹ̀ sì wà fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn nǹkan tí ọ̀rẹ́ yín fi ń yangàn, èyí nìkan ló wúlò fún yín lónìí.

Ẹ lè wọ ẹgbẹ́ pátápátá, kò burú. Òfin Pathfinder wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys, ìwé òfin ìpìlẹ̀ Dungeons & Dragons tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 sì di ọ̀fẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons lọ́dún 2023. Àwọn ìtàn ẹgbẹ́ ni ẹ máa rà, dọ́là ni wọ́n sì ń fi tà wọ́n, ìyẹn ti tó láti mú kí ènìyàn márùn-ún dá owó jọ. Bí ẹ bá yan Pathfinder, ẹ ó tún kọ́ òfin tuntun, torí kì í ṣe eré kan náà. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí bùọ̀dá yín máa darí yín lórí fóònù láti Òkìtìpupa. Mo ti dán an wò. Bí ẹ mẹ́rin bá jókòó sínú yàrá kan tí adarí nìkan wà lórí fóònù, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ síra yín lábẹ́ ohùn, ẹ̀yin náà á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò rí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti sú u. Bí ẹ bá máa ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo yín wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ àti ohun ìgbọ́ràn létí. Ẹ ka ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ mọ́ ọn, kí ẹ sì ka owó dátà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, n ó dúró sílé. N ó lo Sátidé mẹ́rin tó kù yìí láti mú ọ̀ràn kan ṣoṣo wá sí òpin, èyí tó bá ń jẹ tafàtafà rẹ lọ́kàn jù. Ẹ má sáré gbìyànjú láti parí gbogbo rẹ̀, ìtàn tí a bá fi ìkánjú parí máa ń korò lẹ́nu. Bí bùọ̀dá yín bá ti lọ, ẹ máa darí lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan lẹ́yìn ìkejì, nínú ayé kan náà, ìtàn kan fún ìjókòó kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì kí ẹ sì ṣíwọ́ ní mẹ́fà, kí ẹni tó darí kọ ojú ìwé kan sílẹ̀ kó tó lọ sílé. Ẹ ó ṣe àṣìṣe, ìtàn ẹnìkan á gùn jù, ti ẹlòmíràn á tán láago mẹ́ta. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ti Èkó dé, ẹ pè é kó wá darí ìtàn ẹgbẹ́ kan fún yín lọ́sẹ̀ kan, kí kálukú yín dá ẹ̀dá ìtàn tuntun fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó wo eré ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wù ú kó wà níbẹ̀ ni, ẹ sì nílò ẹnì karùn-ún.

N kò tíì darí eré ní àwọn àpéjọ ńlá tí wọ́n ń ṣe lókè òkun, ohun tí mo mọ̀ nípa eré ẹgbẹ́ kò kọjá àwọn tábìlì kéékèèké àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò sì lè fi ẹnu bùọ̀dá yín sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á fẹ́ kí ayé tí òun dá máa lọ lẹ́yìn òun, ẹlòmíràn á ní kí ẹ jẹ́ kó sinmi, ó sì tọ́ kí ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá gbà, lọ sí Ọjà Ọba lọ́sẹ̀ yìí, ra ìwé kíkọ kan tó nípọn, kí o jókòó tì í kó tó kó ẹrù. Kí ó máa sọ, kí o máa kọ: orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ ti bá pàdé, ohun tí kálukú wọn ń wá, gbèsè tí ẹ jẹ, ìlérí tí ẹ kò tíì mú ṣẹ, àti àṣírí tí kò tíì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Bó bá ní gbígbọ́ ìkẹyìn yẹn á ba eré jẹ́ fún ọ, fi bírò náà lé ẹni tí yóò darí ní Sátidé àkọ́kọ́ lọ́wọ́, kí ìwọ bọ́ síta títí wọn ó fi parí.